Ojú Pupa Tí Kò Ní Ìpin

Ní ọdún 1976, Kamarou Ọlálẹ́yẹ gbé irin dí ọ̀nà nítorí ọkọ̀ ojú irin kan tí kò ní kọjá títí di ọjọ́ kejì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ ibi tí ọ̀nà mọ́tò ti dá ojú irin kọjá ní ìpẹ̀kun Ṣábẹ̀ẹ́, ní apá ibi tí a ń gbà lọ sí Kútọnù. Lọ́jọ́ náà, ó ka ìlà Ọjọ́rú mọ́ ti Ìṣẹ́gun nínú ìwé tí wọ́n kọ àkókò ọkọ̀ sí, ó sì dá ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́rin tó kó iṣu dúró, pẹ̀lú mọ́tò ọ̀gá ìjọba àgbègbè wa, fún wákàtí méjì gbáko. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u, ó kàn ń nàka sí ìwé. Ó di ìgbà tí ọ̀gá ibùdókọ̀ fẹsẹ̀ rìn wá fi ìlà tó tọ́ hàn án kó tó ṣí ọ̀nà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ ìyípadà àdúgbò pè é síwájú èrò kí ó fẹnu ara rẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́bi, gẹ́gẹ́ bí àṣà ayé kamaráàdì, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn máa fi orúkọ yẹn pe ara wọn. Àwọn ènìyàn tí kò ka ìwé àkókò ọkọ̀ rí láyé wọn pàtẹ́wọ́ lé e lórí. Ìran tó ríni lára ni. Ó ṣi ìlà kan kà. Ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe fún un, kí ó sì parí síbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé púrúǹtù ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abúlé Sakin ni wọ́n bí i sí, sínú ìdílé àwọn tó ń kọ ebè, ó sì kàwé dé kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó kú. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi í ṣẹlẹ́yà lọ. Ó ga, ó rù, kì í yára sọ̀rọ̀. Ó máa ń ká àsíá rẹ̀ méjèèjì, pupa àti aláwọ̀ ewé, bí ẹni ń ká aṣọ Iléyá. Ìyàwó rẹ̀, Sakinatou, ń sun kajú, ó ń tà á fún àwọn arìnrìn-àjò láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Ilé oníyàrá méjì tí wọ́n kùn ní ẹfun, lẹ́bàá ojú irin gan-an, ni wọ́n fi wọ́n sí pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá di àsíá mú ló ń gbé e.

Ọdún méjì-méjì ni dókítà kan máa ń ti Kútọnù wá yẹ ojú gbogbo àwọn tó ń di àsíá mú wò. Yóò bo ojú òsì, yóò yẹ ọ̀tún wò. Yóò bo ọ̀tún, yóò yẹ òsì wò. Ẹni tí ojú rẹ̀ kan bá kùnà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ilé sì bá a lọ. Ìdánwò tí Kamarou ń retí bọ́ sí ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta ọdún 1980.

Ní oṣù Kìíní ọdún náà, nígbà tí ọyẹ́ mú tí a kò rí orí àwọn òkè àpáta mọ́ nítorí eruku, ojú ọ̀tún rẹ̀ pọ́n. Apolló ń jà ládùúgbò lákòókò kan náà, ìyẹn àìsàn ojú tí àwọn ènìyàn fi orúkọ ọkọ̀ tó lọ sínú òṣùpá pè, nítorí pé wọ́n gbọ́ ìròyìn méjèèjì pọ̀. Gbogbo ẹni tó rí Kamarou ní Apolló ni. Ogún ènìyàn ló tẹjú mọ́ ojú kan, kò sí ẹni tó wò ó.

Apolló kì í pẹ́ mú ojú méjèèjì. Ó máa ń yúnni. Ìpin rẹ̀ a ki bí àtè, a sì lẹ ìpéǹpéjú pọ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fọ̀ ọ́ kúrò, aláìsàn ń ríran. Ojú Kamarou kò ní ìpin rárá. Omi lásán ló ń dà nínú rẹ̀, omi tó mọ́ gaara. Pípọ́n rẹ̀ kò tàn ká gbogbo funfun ojú: ó yí dúdú ojú ká bí òrùka, ó sì pọ́n dé ibi tó fi ń dà bí àlùkò. Ìrora rẹ̀ kì í ṣe ti iyanrìn tó kó síni lójú. Inú ló ti ń wá, ó ń gba ẹ̀yìn ìpéǹpéjú gòkè lọ sí ẹ̀bátí. Ìmọ́lẹ̀ ń gún un bí abẹ́rẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń na àsíá sí ọkọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kejì lójú. Nǹkan ṣe bàìbàì fún un, bí ẹni ń wòran láti inú èéfín ìdáná. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn dáadáa ìbá sì rí i pé ihò dúdú kékeré tó wà láàrin ojú, èyí tí à ń pè ní ọmọlójú, ti súnkì ju ti òsì lọ, kò sì rí róbótó mọ́. Kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Wọ́n ti mọ orúkọ àìsàn, kí ni wọ́n tún ń wò?

Ẹni tó ń tọ́jú ojú nínú ẹbí Ọlálẹ́yẹ ni Fẹ̀yìntọlá, àbúrò bàbá Kamarou lóbìnrin. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti ń wẹ òkú obìnrin ládùúgbò fún ọgbọ̀n ọdún. Ènìyàn pàtàkì ni. Kò sí ọmọ ilé tó lè bá a jiyàn.

Ìtọ́jú rẹ̀ rèé, n kò sì ní bu iyọ̀ sí i. Omi ọmú ni àkọ́kọ́. Ìtọ̀ àárọ̀ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni àkísà kan, àkísà kan ṣoṣo fún ènìyàn mẹ́fà tí Apolló mú nínú ilé, tó ti le bí awọ ewúrẹ́ nítorí ìpin tó gbẹ sí i lára. Abọ́ kan náà ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí. Omi ọmú àná ti dì sí etí abọ́ náà, ó ń kan. Eṣinṣin ń kúrò lára àkísà bọ́ sójú ènìyàn, wọ́n ń kúrò lójú ènìyàn bọ́ sínú abọ́, kò sì sí ẹni tó lé wọn. Hélène, aládùúgbò tó ń fọ́mọ lọ́mú, ni wọ́n máa ń pè kí ó wá fún ọmú rẹ̀ sí ojú àgbàlagbà ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Òun tilẹ̀ ń fi ṣàwàdà, ó ń fi orúkọ àkọ́bí Kamarou pè é.

"Bàbá Moustapha," ló ń wí, "ẹ má gbé e mì o. Ẹni tó ni ín ṣì ń sunkún nílé."

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Apolló gan-an mú Kamarou, láti ara àkísà. Ojú méjèèjì wú, ìpin dé, gbogbo ilé sì ní, ṣé àwọn kò ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé àìsàn kejì fún un, wọ́n wá fi í ṣe ẹ̀rí àkọ́kọ́. Apolló lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan bí ó ti máa ń lọ. Ojú òsì funfun padà. Ojú ọ̀tún ṣì pọ́n bí òrùka, Kamarou kò sì lè sùn lé ẹ̀gbẹ́ náà mọ́.

Nígbà tí Fẹ̀yìntọlá lọ sí Bessé láti wẹ òkú ìbátan kan, Sakinatou fi ìborùn bo orí ọkọ rẹ̀, ó mú un lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn.

Théophile ni olórí níbẹ̀ nígbà náà, ọmọ Kétu, nọ́ọ̀sì tí gbogbo wa ń pè ní májọ̀. Ó ti fèrèsé. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú òsì, ọmọlójú súnkì wẹ́rẹ́. Ó tàn án sí ọ̀tún, kò mì. Etí rẹ̀ ti rí jágajàga bí etí ewé tí tata jẹ. Àwọ̀ tó yí ọmọlójú náà ká, tó yẹ kó jọ ti òsì, ti ṣú, ó ti dà bí omi ẹrẹ̀. Ó tún fi ọwọ́ bo ojú tó ń dùn ún, ó tan iná sí èyí tó sàn nìkan; ojú tó wà lábẹ́ ọwọ́ ló sì dun Kamarou. Èyí yà á lẹ́nu. Kò ya májọ̀ lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni májọ̀ bi í bóyá ẹ̀yìn máa ń dùn ún. Kamarou ní ojú ni òun gbé wá. Sakinatou ló dáhùn pé láti ọdún tí òun ti fẹ́ ẹ ni ìbàdí rẹ̀ ti máa ń gan láàárọ̀, kò sì lè tẹ̀ fún ìrun Àsùbáà àfi bí ó bá kọ́kọ́ rìn yí ilé ká. Májọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àìsàn egungun ẹ̀yìn àti irú àìsàn ojú yìí máa ń bára wọn rìn nígbà mìíràn, wọ́n sì lè tún padà wá.

"Òrùka aláwọ̀ tó wà nínú ojú yín ló wú," ló wí. "Ó ń lẹ̀ mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bí iyán ṣe ń gbẹ mọ́ ara odó. Bí ó bá gbẹ tán síbẹ̀, kò sí ohun tí mo lè ṣe. Oògùn yìí yóò fà á ṣí kó tó gbẹ. Ọmọlójú yín yóò fẹ̀ gan-an, ìmọ́lẹ̀ yóò pọ̀ lójú yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì dá a dúró."

Oògùn náà kò sí ní Ṣábẹ̀ẹ́. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan ló bá wọn gbé e wá láti Parakú lọ́jọ́ kejì, ìgò kékeré méjì tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé: ọ̀kan láti fa ọmọlójú ṣí, ọ̀kan láti pa wíwú rẹ̀. Sakinatou ń kán an lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, Kamarou sùn mọ́jú. Ọmọlójú fẹ̀. Kò fẹ̀ dọ́gba, nítorí ibi méjì ṣì lẹ̀, ó sì rí bí abọ́ tí etí rẹ̀ fọ́ níbi méjì; ṣùgbọ́n ó fẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí dókítà Kútọnù dé. Májọ̀ ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Fẹ̀yìntọlá ti Bessé dé. Ó wọlé pẹ̀lú ẹrù lórí, kò tíì sọ̀ ọ́ tó fi dúró. Ó fi àtàǹpàkò gbé ìpéǹpéjú Kamarou sókè, ó ní kí wọ́n gbé àtùpà wá. Ó gbé àtùpà sún mọ́ ojú náà, ó gbé e sẹ́yìn, ó tún gbé e sún mọ́ ọn. Ọmọlójú ńlá náà kò mì.

"Kamarou, ojú yìí ti kú."

"Ìyá, májọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni yóò rí."

"Májọ̀ wẹ òkú rí? Mo ti pa ojú ènìyàn tó lé ní igba dé. Báyìí ni wọ́n ṣe ń là sílẹ̀. Wọ́n ti fi oògùn pa á, ó sì ń dúró de èkejì rẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo fún un. Ohun tó rí, ó rí i dáadáa. Ọmọlójú òkú máa ń fẹ̀ nítòótọ́, iná kì í sì í mì ín. Nínú gbogbo ogún ènìyàn tó tẹjú mọ́ ojú yẹn, òun nìkan ló wò ó, ìtumọ̀ tó fún un ni kò tọ̀nà. Ó gbà pé bí a bá fi ojú tó kú sílẹ̀ nínú orí alààyè, yóò pe ojú kejì mọ́ra. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ìyẹn kò sọ abọ́ rẹ̀ di mímọ́.

Sakinatou sọ̀rọ̀, wọ́n bi í bóyá òun ni yóò yọ ojú tirẹ̀ fún ọkọ bí èkejì bá fọ́. Kamarou gan-an, ẹni tó jẹ́ kí ọ̀gá ìjọba jókòó sínú oòrùn fún wákàtí méjì nítorí ohun tó wà nínú ìwé, kò lè sọ fún àbúrò bàbá rẹ̀ pé rárá. Ó na ọwọ́, ó gbé ìgò méjèèjì fún un. Fẹ̀yìntọlá dà wọ́n sórí eérú. Abọ́ padà jáde. Àkísà padà jáde. Wọ́n ránṣẹ́ pe Hélène.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin ọjọ́ mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e kò dùn ún kọ. Ìrora padà, ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn ń ya wọlé wá kí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ lé e lójú, wọ́n ń mí sí i, wọ́n ń fi ìka tí wọ́n fi jẹun ṣí i wò, wọ́n ń ṣe "ẹ pẹ̀lẹ́ o", wọ́n sì ń lọ sọ ọ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀kan ní kí wọ́n fi omi tábà sí i. Wọ́n fi sí i. Ní ọjọ́ kẹwàá, Sakinatou gbé agbọ̀n kajú rẹ̀ bí ẹni ń lọ sí ibùdókọ̀, ó yà sí ilé ìwòsàn, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún májọ̀ lórí ìdúró.

Májọ̀ dé ilé náà kí oòrùn tó kan àtàrí. Ó wo abọ́, ó wo àkísà. Lẹ́yìn náà ló tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú Kamarou. Ọmọlójú ti padà súnkì, ó lẹ̀ yíká. Nísàlẹ̀ dúdú ojú, nǹkan funfun kan fa ìlà gbọọrọ, bí ògì ṣe máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀ ìgò tí omi sì wà lókè. Ọyún ni, nínú ojú gan-an.

Ó ní kí Fẹ̀yìntọlá wá wò ó. Ó wò ó, kò yẹ̀.

"Ọmọ mi," ló wí, "ojú òkú mélòó lo ti pa dé?"

"Kò pọ̀, ìyá. Ẹ̀yin lẹ mọ tòkú jù mí lọ."

Májọ̀ mú ìgò mìíràn jáde nínú àpò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n dà nù, tó ti ní kí wọ́n bá òun gbé wá láti Parakú lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́. Ó gbé orí sẹ́yìn níwájú gbogbo ilé, ó kán an sí ojú òsì ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ wá wò mí nírọ̀lẹ́ òní. Bí ẹ bá rí i pé mo ti kú, kí ẹ wẹ̀ mí."

"Obìnrin ni mò ń wẹ̀," ni Fẹ̀yìntọlá dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ó lọ. Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú àtùpà rẹ̀. Ó gbé ìpéǹpéjú májọ̀ sókè bó ti gbé ti Kamarou. Ọmọlójú ti fẹ̀ bí ẹyọ owó, kò mì. Ó ní kí májọ̀ rìn dé ìdí igi máńgòrò kó padà. Májọ̀ rìn. Ó bi í ní ohun tó jẹ lọ́sàn-án, májọ̀ sọ fún un. Ó ní kó fi ọwọ́ bo ojú tó sàn, kó wá sọ ohun tó wà lórí òkè àpáta lọ́hùn-ún. Májọ̀ ní ewúrẹ́ méjì ni, ọ̀kan dúdú. Fẹ̀yìntọlá yíjú wo òkè náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn.

"Èmi ni mo da oògùn yẹn nù," ló wí.

Àwọn kan ń sọ lọ́jà pé májọ̀ fọ́jú fún oṣù kan nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Irọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi lè fi ojú òsì kàwé nítòsí, ó sì ń na ìwé jìnnà sí ara rẹ̀ kó tó kọ oògùn fún ènìyàn. Kò fọ́jú.

Láti ọjọ́ náà ni Fẹ̀yìntọlá ti ju àkísà sínú iná. Ó ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ kó tó fọwọ́ kan Kamarou, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kán oògùn náà ní àkókò rẹ̀, kò gba ẹnikẹ́ni láyè mọ́ láti bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọyún lọ. Pípọ́n lọ. Ìrora lọ. Ṣùgbọ́n òrùka ti gbẹ mọ́ ibi tó lẹ̀ mọ́, kò sì sí oògùn tó ṣí i. Ọmọlójú ọ̀tún dúró bí ojú abẹ́rẹ́, awọ funfun kan sì bò ó.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta, dókítà Kútọnù bo ojú òsì Kamarou nínú yàrá kan ní ibùdókọ̀, ó na ìka sókè, ó bi í pé mélòó ni. Kamarou ní mẹ́ta. Méjì ni. Dókítà tún bi í, Kamarou sì gbà pé òun kò rí ìka kankan, ó mọ̀ pé ọwọ́ wà níbẹ̀ ni. Dókítà kọ ìlà kan sínú ìwé rẹ̀, ó pe ẹni tó kàn.

Wọ́n tún pe ìpàdé. Ìgbìmọ̀ fẹ́ mọ ẹni tó da oògùn nù, torí wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò fi ṣe àpẹẹrẹ ìgbàgbọ́ asán. Kamarou dúró, ó ní òun ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń tún un sọ pé Kamarou ló fọwọ́ ara rẹ̀ da oògùn nù, ó sì yẹ kí a tún un ṣe níhìn-ín: kì í ṣe òun. Ó fún wọn ní orúkọ ara rẹ̀ kí wọ́n má baà fa arúgbó jáde síwájú èrò.

Kí oṣù náà tó parí, aṣọ́nà tuntun ti gbé ẹní rẹ̀ dé nígbà tí Sakinatou kò tíì kó àdògán rẹ̀ tán. Àwọn tó wá lé wọn jáde ń pè wọ́n ní kamaráàdì bí wọ́n ti ń ju ẹrù wọn síta. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ kajú tó wà nílẹ̀, wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀.

Ẹbí náà kó lọ sí agbo ilé Fẹ̀yìntọlá. Ní ọdún 1982, ojú òsì náà pọ́n lóru ọjọ́ kan, bí òrùka, láìsí ìpin. Fẹ̀yìntọlá wò ó lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, ó ní kí Kamarou wọ bàtà, ó sì tẹ̀ lé e dé ilé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kán oògùn. Ọmọlójú padà róbótó, ó ń ríran dáadáa.

Fẹ̀yìntọlá kú ní ọdún 1985. Ìgbà tí a gbúròó Kamarou Ọlálẹ́yẹ kẹ́yìn, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1987, ó wà ní Sakin pẹ̀lú Sakinatou, nínú ilé bàbá rẹ̀, ó ń kọ ebè iṣu, ó sì ní oko kajú kan lẹ́bàá ọ̀nà.